Olùṣọ́ Sálúbàtà ní Etí Odò Àmárà

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí àwọn ẹlẹ́sìn Mandáyì bá sọ̀kalẹ̀ lọ ṣe ìrìbọmi nínú odò Tígírísì ní Àmárà, ọkùnrin kan wà tí kì í bá wọn sọ̀kalẹ̀. Orí òkúta pẹlẹbẹ kan ló máa ń jókòó sí lábẹ́ igi dàbínù, ìgò tíì gbígbóná wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, sálúbàtà gbogbo ìdílé sì wà níwájú rẹ̀. Sabti ni orúkọ rẹ̀, alágbẹ̀dẹ fàdákà ni.

Sálúbàtà ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣọ́. Nígbà tó yá, ó kan ti ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà àwọn aládùúgbò rí i pé ojú rẹ̀ mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ tiwọn síwájú rẹ̀ láìbéèrè. Méjì méjì ni ó ń tò wọ́n. Ó máa ń yí ẹ̀yìn wọn sí odò, kí ẹni tó bá jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù lè kàn ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kó sì máa lọ. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, bàtà ẹnì kan kò sì sọnù rí. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Olùṣọ́ Sálúbàtà. Kò bínú sí i. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ó tilẹ̀ dùn mọ́ ọn.

Kò bá ẹ̀sìn jà. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé apá àríwá ni a ń kọjú sí gbàdúrà, òun ló rán aṣọ funfun àkọ́kọ́ tó wọ̀ sínú odò, òun náà ló kọ́ ọ pé omi tí kò ṣàn kì í fọ ọkàn. Nígbà tí Sabti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó ń bá àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń kàwé rìn. Ní ọjọ́ Àìkú kan nígbà òtútù, ó jáde kúrò nínú omi, ó wọ aṣọ gbígbẹ, kò sì padà wọ inú rẹ̀ mọ́. Kò kéde. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì ìyá rẹ̀ bi í bóyá òtútù ló mú un. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Òtútù náà kò sì san títí ìyá fi kú.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan rí títí di ìgbà ìrúwé tí Anhar fi dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Anhar ni ọmọ Sinan, Sinan sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí Sabti bí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Anhar. Àjọ̀dún Banja, ọjọ́ márùn-ún tí àwọn Mandáyì fẹ́ràn jù lọ láàárín ọdún, ti sún mọ́lé, gbogbo ilé sì ti pinnu pé ọdún yìí ni ọmọbìnrin náà yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ odò. Ìgbà tó wà ní ìkókó ni wọ́n ti gbé e wọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Aṣọ rẹ̀ ti wà ní rírán. Wọ́n ń jẹun alẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó gbé búrẹ́dì rẹ̀ kalẹ̀, tó ní òun ní ìbéèrè kan.

Ó ní: “Bí omi yẹn bá dára, kí ló dé tí Bàbá àgbà ń ṣọ́ bàtà? Bí kò bá sì dára, kí ló dé tí ẹ fẹ́ tì mí sínú rẹ̀?”

Sinan ń wo abọ́ rẹ̀. Salima, ìyàwó Sabti, ń wo ọkọ rẹ̀, bíi pé ó ti ń dúró de ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, tó sì dùn mọ́ ọn pé ẹlòmíràn ló bi í. Anhar wá là á mọ́lẹ̀: bí Bàbá àgbà bá wọ odò, òun náà á wọ̀ ọ́. Bí kò bá wọ̀ ọ́, òun á bá a ṣọ́ bàtà, nítorí iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù fún ẹnì kan.

Sabti kò tíì rò ó tán tí ẹnu rẹ̀ fi sọ ọ́. “Ó dára. A jọ máa wọ̀ ọ́ ni.”

Kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn. Kì í ṣe omi ló ń dà á láàmú. Ọwọ́ ni.

Nínú odò, bí àlùfáà bá ti ṣe apá kan ìrìbọmi tán, yóò na ọwọ́ ọ̀tún sí ẹni tó wà níwájú rẹ̀, onítọ̀hún yóò sì fi ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ dì í mú. Kushta ni wọ́n ń pe ìdìmú yẹn. Òtítọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Orúkọ kan náà ni wọ́n fún ọwọ́ dídìmú àti òtítọ́, láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni Sabti fi ń jẹun láti kékeré. Ó lè fi ojú tan ara rẹ̀ jẹ, ó lè fi ẹnu ṣe é, ṣùgbọ́n kò lè fojú inú rí ara rẹ̀ kó na ọwọ́ tó ń parọ́ sí ẹnikẹ́ni nínú omi, kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì máa wò ó.

Nítorí náà, ó tọ àlùfáà lọ.

Àlùfáà Bihram kò ju ẹni ogójì ọdún lọ. Nígbà tó wà lọ́mọdé, iwájú Sabti ni ó máa ń bọ́ bàtà rẹ̀ sí, okùn bàtà òsì rẹ̀ sì máa ń ta kókó. Sabti kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó sọ fún un pé òun kò gba ohun tí wọ́n gbà gbọ́ mọ́.

“Mo mọ̀, Bàbá Sinan,” ni àlùfáà wí. “Gbogbo Àmárà ló mọ̀. Ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ béèrè. Orúkọ yín ni mo fẹ́ mọ̀.”

Orúkọ ilé àti ti ọjà ni Sabti. Gbogbo Mandáyì ló ní òmíràn, tí àlùfáà ń ṣírò láti inú wákàtí tí wọ́n bí i, tí wọ́n sì ń so mọ́ orúkọ ìyá rẹ̀. Orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń pe èèyàn nínú omi. Láìsí i, kò sí ìrìbọmi.

Sabti ti fín orúkọ sára òrùka fún ọ̀pọ̀ ọdún: orúkọ ìyàwó tuntun, ti ọmọ ogun, ti ọkùnrin kan tó ní kó kọ orúkọ ẹṣin òun. Tirẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ ìgbà tó bọ́.

Ìwé tí àlùfáà àtijọ́ ń kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sí ti bá ìkún omi lọ ní Kalat Salih, ìlú tí wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ti kú. Ẹnì kan ṣoṣo tó wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n bí i tó ṣì wà láàyè ni Nuriya, àbúrò ìyá rẹ̀. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, òun nìkan ló ń gbé lẹ́yìn ọjà ẹja ní Àmárà.

Sabti ra gémà, ọ̀rá wàrà ẹfọ̀n tó nípọn bíi òrí, ó gbé e lọ fún un ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá kékeré jẹ ẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná, ó súre fún un, ó béèrè Salima, ó béèrè eyín Sinan. Nígbà tí Sabti béèrè orúkọ, ó gbé ọwọ́ sétí. Ó ní etí òun kò gbọ́ràn mọ́ láti ìgbà òtútù. Sabti tún un sọ sókè. Ó tún un sọ sókè sí i títí tí àwọn ẹlẹ́ja fi dákẹ́ ní ìta. Ìyá kékeré mi orí, ó ní ayé ti yí padà lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ní òun gbọ́ tí omi ń hó ní ilé ìdáná. Yàrá méjì ló wà láàárín wọn àti ilé ìdáná náà.

Ọjọ́ kẹta, ẹja ló gbé lọ. Ọ̀rọ̀ ẹja ni wọ́n sọ.

Ọjọ́ kẹrin, kò gbé nǹkan kan lọ. Àjọ̀dún ku ọ̀la. Ó jókòó, ó mu tíì rẹ̀ dé ìdajì, ó sì rọra sọ̀rọ̀ sínú ife, pẹ̀lú ohùn tí eṣinṣin orí tábìlì kò lè gbọ́: “Wọ́n ní opó ẹlẹ́ja ìsàlẹ̀ yìí tún ń lọ sílé ọkọ.”

“Ta ni yóò fẹ́ ẹ?” ni Ìyá kékeré béèrè.

Wọ́n wo ara wọn.

“Ọ̀dájú ni ẹ́,” ni ó wí. “Bí ìyá rẹ gẹ́lẹ́.”

“Ìyá kékeré, kí ló dé tí ẹ kò fẹ́ sọ orúkọ mi fún mi?”

Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, ó tún gbé e. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bí Sabti.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bí Sabti, kò sí aago nílé wọn. Aago kan ṣoṣo tó wà ní àdúgbò ni ti ilé kọfí tó wà létí omi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Nuriya nígbà náà. Agbẹ̀bí sọ fún un pé bí ó bá ti gbọ́ igbe ọmọ, kó sáré lọ béèrè aago, kó sì gba ibẹ̀ lọ sọ fún àlùfáà. Ọmọ ké. Nuriya sáré. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi kan gúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n gbé giramafóònù kan sórí rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ tóbi bí ìkòkò, obìnrin kan sì ń kọrin nínú rẹ̀. Nuriya dúró. Kò ní ohun búburú lọ́kàn. Ó kàn fẹ́ rí ibi tí obìnrin náà yóò gbà jáde ni. Nígbà tó fi máa rántí iṣẹ́ tí wọ́n rán an, òjìji òpó ọkọ̀ náà ti kúrò ní apá kan èbúté, ó ti bọ́ sí apá kejì.

Ó béèrè aago ní ilé kọfí. Ó fi ìka ka wákàtí tó rò pé òun ti pàdánù, ó yọ ọ́ kúrò, ó sì gbé ìyókù fún àlùfáà.

“Ìka mélòó ni ẹ yọ?” ni Sabti béèrè.

“Méjì. Àbí mẹ́ta. Ẹ̀rù ń bà mí.”

Láti inú ìka yẹn ni àlùfáà ti ṣírò orúkọ ọmọ náà. Àwọn tó mọ ìṣírò náà sì máa ń sọ pé wákàtí méjì péré tó láti sọ ẹnì kan di ẹlòmíràn.

“Nígbà tí o kò wọ odò mọ́,” ni Ìyá kékeré wí, “gbogbo wọn ń sọ pé ìwé ló bà ọ́ jẹ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè, Sabti. Láti kékeré rẹ ni wọ́n ti ń mú ọ wọ omi, tí wọ́n sì ń pe ẹlòmíràn. Báwo ni wàá ṣe dáhùn? O wá fẹ́ kí n tún gbé orúkọ oníyẹn fún ọ?”

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu Sabti. Ó wo ojú Ìyá kékeré, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì. Ọdún méjìdínláàádọ́rin ni obìnrin yìí ti fi ru ẹrù yẹn, Sabti kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rárá. Ó rọrùn láti sọ pé òun ti ń gbàgbọ́ ní kọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ó rọrùn láti sọ pé òun ti gbàgbọ́ padà. Ìyá kékeré kò fún un láyè. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí i kọjá àwo tíì.

“Fún mi ní kushta,” ó wí. “Kí o wá sọ ìdí tí o fi kúrò.”

Sabti di ọwọ́ náà mú. Ó gbẹ, ó sì fúyẹ́ ju bó ṣe rò lọ.

“Kì í ṣe orúkọ, Ìyá kékeré. Bóyá orúkọ mi ni wọ́n pè, bóyá tẹlòmíràn ni, n kò fetí sí i. Mo dúró nínú omi lọ́jọ́ yẹn, mo ní bí n kò bá yàtọ̀ nígbà tí mo bá jáde, mi ò ní padà wá. Mo jáde, n kò yàtọ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ìyá kékeré tẹjú mọ́ ọn. Ó bi í bóyá kò gbà pé òṣùwọ̀n wà lọ́run, tí wọ́n fi ń wọn ọkàn òkú. Sabti ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ fàdákà, òun kò tíì rí òṣùwọ̀n tí ẹnì kan kò fọwọ́ tún ṣe. Ó bi í bóyá kò gba àwọn ọba ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé ibẹ̀ gbọ́. Ó ní òun kò mọ̀ wọ́n.

“Kí lo wá gbà gbọ́?”

Ẹnì kan ń gé yìnyín ní ọjà ẹja. Wọ́n gbọ́ ọ dé ìparí.

“Mo gbà pé àwọn tó bá jáde nínú odò lọ́jọ́ Àìkú máa ń ṣe dáadáa sí ara wọn títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun,” ni Sabti wí. “Mo ti ń wò wọ́n, ó ti pẹ́. Nígbà mìíràn ó máa ń di Ọjọ́rú. Mo gbà pé kí èèyàn bá bàtà rẹ̀ níbi tó fi í sí. Mo sì gbà pé ọwọ́ tí mo nà yìí kò gbọdọ̀ parọ́.”

“Ìyẹn nìkan?”

“Ìyẹn nìkan.”

Ìyá kékeré kò tíì jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. “Ó pọ̀ ju ti ìyá rẹ lọ,” ó wí. “Ìyá rẹ sọ fún mi pé òun fẹ́ràn odò nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í ti béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ òun.”

Sabti kò lè gbé ẹ̀rín yìí mì. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Ìyá kékeré fi nu ojú. Ó wá fà á mọ́ra, ó sì sọ orúkọ náà sí i létí, ohùn rẹ̀ kò ga ju èémí lọ. Orúkọ omi ni, ó ní. Kò fẹ́ kí atẹ́gùn gbẹ ẹ́.

Sabti gbọ́ ọ. Ó ronú lé e.

“Orúkọ ẹni gíga ni,” ó wí. Orí rẹ̀ kò kọjá èjìká Sinan.

“Ṣebí mo ti sọ fún ọ pé kì í ṣe tìẹ?”

“Ó ti bá mi gbé pẹ́, Ìyá kékeré. Mi ò lè lé e jáde mọ́. Ẹ jẹ́ kí àwa méjèèjì jọ wọ omi.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún àlùfáà ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú giramafóònù àti ìka méjì àbí mẹ́ta. Ó rò pé yóò ní kí wọ́n wá orúkọ mìíràn. Àlùfáà Bihram fi irùngbọ̀n rẹ̀ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa hàn. Ó ní ìyá àgbà òun ló mú wákàtí òun lọ fún àlùfáà ayé ìgbà náà, ìyá àgbà yẹn kò sì lè ka nǹkan kọjá mẹ́wàá. Ohun tó bá ti ju mẹ́wàá lọ, “ọ̀pọ̀” ni ó ń pè é. “Wọ́n sì fi mí joyè àlùfáà,” ó wí.

Ní òwúrọ̀ Banja, gbogbo wọn wà létí odò. Omi ga, ó sì tutù, nítorí yìnyín orí òkè tó ń yọ́ ló ń bá a wá. Anhar ti wọ aṣọ funfun rẹ̀, apá rẹ̀ gùn jù ú lọ. Sinan mú ìyá kékeré bàbá rẹ̀ wá, ó gbé e jókòó sórí òkúta pẹlẹbẹ náà, nítorí pé kò sí ibòmíràn.

Sabti bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó sì dúró pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́. Kò mọ ibi tí yóò fi í sí. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣọ́ ti gbogbo ayé, kò tíì bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí yóò ṣọ́ tirẹ̀.

“Gbé e síbí,” ni Nuriya wí.

“Ẹ kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí odò, Ìyá kékeré. Méjì méjì.”

“Máa lọ jàre.”

Ó wọ omi. Òtútù gbá a ní ìbàdí, ó sì pariwo díẹ̀, àwọn tó wà lókè rẹ́rìn-ín, Salima ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àlùfáà ti wà níbẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó rì í bọmi ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó bu omi fún un mu láti inú àtẹ́lẹwọ́. Ó fi ewé tútù tí wọ́n hun ní òrùka sí i lórí, lábẹ́ láwàní. Lẹ́yìn náà ó gbé ohùn sókè, ó pe orúkọ náà, ó so ó mọ́ ti ìyá rẹ̀, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún.

Sabti gbọ́ orúkọ náà. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ń pe aládùúgbò ní ìta. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wẹ̀yìn wo ẹni tí wọ́n ń pè. Omi ń ṣàn. Létí odò, Nuriya fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Bàbá àgbà,” ni Anhar wí látòkè, kò pariwo, bí ẹni tó ń ran èèyàn létí nǹkan kékeré, “ẹ̀yin ni wọ́n ń pè. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú omi.”

“Èmi rèé,” ni Sabti wí.

Ó na ọwọ́ rẹ̀, ó sì di ti àlùfáà mú.

Nígbà tó jáde, Anhar kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ, ó gbé aṣọ rẹ̀ sókè, kò wo ẹnikẹ́ni. Sabti gun òkè pẹ̀lú eyín tó ń gbá ara wọn. Níwájú Ìyá kékeré, sálúbàtà bíi ogójì ti dà pọ̀ mọ́ra, òmíràn dojú bolẹ̀, òmíràn kọjú sí odò, òmíràn ti di ìtìsẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Omijé wà lójú rẹ̀, ó sì ń bá obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ opó ẹlẹ́ja.

Sabti rí ọ̀kan nínú tirẹ̀. Kò rí èkejì. Ó ki ẹsẹ̀ kejì bọ ọ̀kan nínú ti Sinan, tó tóbi jù ú lọ, ó sì jókòó ti Ìyá kékeré lórí òkúta láti wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ nínú omi. Kò tún àwọn sálúbàtà náà tò.